Níbo Ni Ó Yẹ Kí Ọkọ̀ Èrò Máa Dúró?

Àgbẹ̀ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kọ ebè lé ara wọn bí ẹni pé ilẹ̀ ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi àyè sílẹ̀ láàárín ebè méjì títí koríko yóò fi gba oko mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí ebè bá fún mọ́ ara wọn jù, iṣu kì í ta dáadáa. Bí wọ́n bá sì jìnnà sí ara wọn jù, ilẹ̀ a ṣòfò. Olóko kòkó pẹ̀lú mọ̀ pé ó yẹ kí ẹsẹ̀ bàtà bíi mẹ́wàá wà láàárín igi kan àti èkejì. Ohun tí àgbẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́tipẹ́ yìí ni àwọn tí ń ṣètò ọ̀nà ní Èkó kò tíì fi ọkàn sí tó, nígbà tí ọ̀ràn bá kan ibi tí ọkọ̀ èrò yóò ti máa dúró ní Yábà, ní Sùúrùlérè àti ní Mushin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn ará Èkó nìkan ni èyí. Ẹ̀fọ́ àti tòmátì tí a dì sí ọkọ̀ ní oko kí ilẹ̀ tó mọ́, ọjà Mushin tàbí ọjà Oyíngbò ni púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Ẹ̀fọ́ kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí ọkọ̀ bá há sí Ojúẹlẹ́gba fún wákàtí méjì, ẹ̀fọ́ a rọ, tòmátì a bẹ̀rẹ̀ sí ṣe omi, owó tí ó yẹ kí ó wọ àpò àgbẹ̀ a sì di ìdajì. Ọmọ tí àgbẹ̀ fi owó kòkó rán lọ sí Yunifásítì ní Àkọkà, ojú ọ̀nà kan náà ni ó ń gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó ń gbé oko àti ẹni tí ó ń gbé Èkó, òkò kan náà ni ó ń bà wọ́n.

Ẹ wo bí nǹkan ti rí. Ẹni tí ó bá wọ danfo ní Mushin, tí ó gba ojú ọ̀nà Agége, tí ó kọjá Ìdí-Òro títí ó fi dé Ojúẹlẹ́gba, yóò rí i pé ibi gbogbo ni ibùdókọ̀. Ibi tí èrò bá ti ké pé “Ó wà o!” ni awakọ̀ ti ń tẹ bíréèkì, ibi tí kọndọ́ọ̀ bá sì ti rí ẹni tí ó gbé ọwọ́ sókè ni ó tún ti ń dúró. Ẹnìkan sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀; kí ọkọ̀ tó rìn tó ogójì ìṣísẹ̀, ẹlòmíràn tún sọ̀. Awakọ̀ kì í yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, nítorí pé àwọn oníṣòwò ti pàtẹ ọjà sí ibẹ̀, tàbí kí àwọn àgbèrò ti fi í ṣe gáréèjì. Àárín títì ni ó ń dúró sí, gbogbo ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ a sì dúró pẹ̀lú. Báyìí ni ìdúró ẹnìkan ṣe ń di ìdúró igba ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí ìṣirò kì í ṣe ojúsàájú. Kí a mú ọ̀nà kan tí ó gùn tó kìlómítà 6. Bí ọkọ̀ bá ń dúró ní mítà 200 sí 200, ìgbà 30 ni yóò dúró. Bí a bá ka ti dídẹ eré, ti sísọ̀ àti wíwọlé èrò, ti wíwá ṣéńjì àti ti pípadà sí ojú ọ̀nà, ìdajì ìṣẹ́jú ni ìdúró kọ̀ọ̀kan yóò gbà, ó kéré tán. Ìṣẹ́jú 15 ti lọ láìrìn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ mítà 400 sí 400, ìgbà 15 ni yóò dúró, ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ ni yóò sì gbà. Kí ni èrò pàdánù níbẹ̀? Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sí agbede méjì ibùdókọ̀ méjì yóò fi mítà 100 kún ìrìn rẹ̀, èyí tí ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá tilẹ̀ rìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ìrìn àjò rẹ̀, èrè ṣì wà ní ọwọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe tìtorí èrè sáré kọjá ilé. Bí a bá sọ pé kìlómítà kan gbáko ni kí ó wà láàárín ibùdókọ̀ kan àti èkejì, ìgbà 6 péré ni ọkọ̀ yóò dúró, ìṣẹ́jú 4 àti ààbọ̀ ni yóò sì jèrè sí i. Ẹni tí ilé rẹ̀ bọ́ sí agbede méjì yóò wá rin mítà 500 dípò 200. Ó tó ìṣẹ́jú 4 tí yóò fi kún ìrìn rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ wọ ọkọ̀, yóò sì tún tó 4 mìíràn nígbà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí ọkọ̀ jèrè, ẹsẹ̀ ti san án ní ìlọ́po. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ilẹ̀ Yúróòpù, mítà 300 sí 450 ni ó máa ń wà láàárín ibùdókọ̀ méjì. Ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n fún mọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ a máa rìn bí ìgbín, àwọn ìlú kan níbẹ̀ sì ti ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ibùdókọ̀ wọn.

Àwọn kan yóò sọ pé bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kí a yára fi ìwọ̀n lé ilẹ̀, kí a lé gbogbo danfo lọ sí ibùdókọ̀ tí ó jìnnà síra. Àwa kò fara mọ́ èyí. Mítà 400 orí ìwé kọ́ ni mítà 400 ojú ọ̀nà. Ní àdúgbò tí gọ́tà ti ya ẹnu sílẹ̀, tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí òjò sì ti sọ títì di odò, mítà 400 a máa gùn ju kìlómítà kan lọ lábẹ́ ẹsẹ̀ ìyá arúgbó tí ó ru agbọ̀n tòmátì. Kí a sì rántí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin de ọkadà ní Sùúrùlérè àti ní agbègbè Yábà, tí òfin náà sì kan Mushin ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. A kò sọ pé òfin náà kò ní ìdí. Ọkadà ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn léṣe. Ṣùgbọ́n ìrìn tí ọkadà ń gbà ṣe fún aláìsàn tí ń lọ sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì ní Ìdí-Àràbà, ẹsẹ̀ ni ó kù tí yóò fi rìn ín. Wọ́n máa ń sọ pé ọjà Oyíngbò kì í mọ̀ bí ẹnìkan kò bá wá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè wá mọ ohun tí ó pàdánù.

Kò sì jẹ́ tuntun ní Èkó pé kí a tún ìlú ṣe, kí a sì gbàgbé ẹsẹ̀. Ní ọdún 1955 ni LEDB, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1928 fún àtúnṣe ìlú, bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí ó sì ń kó púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tuntun náà ní àyè ju ti àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣe ìwádìí láàárín wọn ní òpin àwọn ọdún 1950, tí ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1961, rí i pé owó ọkọ̀ àti ọ̀nà jíjìn ń ya àwọn ènìyàn náà kúrò lọ́dọ̀ ẹbí àti àwọn oníbàárà wọn. Ẹni tí ó bá pín ilé fún ni láì ronú bí onílé yóò ti dé ibi iṣẹ́, ìdajì iṣẹ́ ni ó ṣe.

A sì ti rí i pé ará Èkó lè pa òfin ibùdókọ̀ mọ́ bí ibùdókọ̀ náà bá wà ní tòótọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni LAMATA, àjọ tí ń ṣètò ìrìnnà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀ BRT láti Mile 12 dé CMS, ọ̀nà kìlómítà 22. Ọkọ̀ náà ní ibi tí ó ń dúró, irú bí Ọbáníkòró, Onípànu àti Fádèyí. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ ibi tí yóò ti dúró dè é. Ẹni tí ń fi ẹnu sọ pé ará Èkó kì í gbọ́ràn, kí ó lọ wo ìlà tí èrò ń tò níbẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin tí a ń pè ní Red Line bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Agbádó dé Oyíngbò: kìlómítà 27, ibùdó 8 péré, ọ̀kan ní Mushin, ọ̀kan ní Yábà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkọ̀ tí ń lọ sí ọ̀nà jíjìn kò gbọdọ̀ dúró lemọ́lemọ́. Ọkọ̀ tí ń kó èrò láti àdúgbò wá bá a kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn. Àṣìṣe ńlá ni kí a fi òṣùwọ̀n ọ̀kan wọn èkejì.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ nìyí. Èkínní, kí ibùdókọ̀ danfo wà ní nǹkan bíi mítà 400 sí ara wọn ní àwọn ojú ọ̀nà ńlá. Èkejì, kí wọ́n súnmọ́ ara wọn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní mítà 200 tàbí 250, níbi tí ọjà, ilé ìwòsàn àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin wà. Ẹ̀kẹta, kí ibùdókọ̀ máa wà lẹ́yìn oríta, kì í ṣe ní ojú rẹ̀, kí ọkọ̀ tí ó dúró má bàa di oríta pa. Ẹ̀kẹrin, kí ibùdókọ̀ ní àyè tí ọkọ̀ lè yà sí, kí ó ní orúkọ tí a kọ gàdàgbà, kí ó sì ní òrùlé. Ìdí-Òro, Ìdí-Ìrókò àti Ìdí-Àràbà, orúkọ igi ni gbogbo wọn. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹni tí ó dúró de ẹlòmíràn nílò ìbòòji. Ẹ̀karùn-ún, kí a wá ibòmíràn tí ó súnmọ́ tòsí fún àwọn tí ń tajà ní ẹ̀gbẹ́ títì kí a tó ní kí wọ́n kúrò, nítorí pé ebi kì í gbọ́ òfin.

Òfin ìrìnnà tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2012 ti kọ̀ fún awakọ̀ láti gbé èrò tàbí láti sọ èrò kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibùdókọ̀. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n bí a kò bá fi ibùdókọ̀ han awakọ̀, tí a sì ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ rẹ̀, ìrẹ́jẹ ni. Awakọ̀ náà ní owó tí yóò san fún ẹni tí ó ni ọkọ̀ lójoojúmọ́, àgbèrò ń dúró dè é ní oríta, owó epo sì ti gbẹ́nu sókè láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti mú owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Kò lè fojú fo èrò kan nígbà tí ó mọ̀ pé danfo tí ó wà lẹ́yìn òun yóò gbé e. Àfi bí gbogbo wọn bá jọ dúró sí ojú kan náà ni ẹnikẹ́ni kò fi ní pàdánù. Kí awakọ̀ náà sì ṣe ìṣirò tirẹ̀: ìṣẹ́jú 7 àti ààbọ̀ nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, bí ó bá rìn ní ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́, ó di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 15. Ìrìn mìíràn wà nínú rẹ̀, owó sì wà nínú ìrìn náà.

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe jókòó ní ọ́fíìsì ní Aláùsá kí ó máa fi rúlà pín Mushin. Kí wọ́n pe ìyálọ́jà, kí wọ́n pe àwọn awakọ̀ àti àwọn olórí àdúgbò. Kí wọ́n bá wọn rin ojú ọ̀nà náà ní ẹsẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó ibùdókọ̀ kankan mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù gbogbo, ẹ gbé ọ̀ràn yìí sí iwájú àwọn káńsílọ̀ yín ní ìpàdé tí ó ń bọ̀, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí a óò rìn ín. Ẹ̀yin èrò, nígbà tí ibùdókọ̀ bá sì ti wà, ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ó ti máa ké “Ó wà o!”

Orúkọ Sùúrùlérè ń sọ fún wa pé sùúrù ní èrè. Àwọn ará ibẹ̀ ti ní sùúrù láti ọdún 1955. Ó tó àkókò kí wọ́n rí èrè rẹ̀ ní ojú ọ̀nà.