Dókítà tí ó Fi Aláìsàn Sílẹ̀ Di Olùdókòwò

Ọ̀rọ̀ kan ń jà rànyìn láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ó sì yẹ kí a dá sí i kí ó tó di àṣà. Wọ́n ń wí pé iṣẹ́ dókítà kò mówó wọlé mọ́. Pé ẹni tí ó bá gbọ́n, kí ó gba oyè rẹ̀ tán, kí ó gbé e kọ́ ara ògiri, kí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, kí ó máa ra ìpín nínú ilé iṣẹ́ nígbà tí ó bá pọ̀, kí ó sì máa tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Bí a bá bi wọ́n pé ta ni ó ṣe é rí, wọn a dárúkọ Michael Burry ará Amẹ́ríkà, ẹni tí ó kọ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Vanderbilt, tí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí ó ń kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Stanford, tí ó dá ilé iṣẹ́ ìdókòwò Scion sílẹ̀ ní ọdún 2000, tí ó sì jèrè rẹpẹtẹ nígbà tí gbèsè orí ilé dojú dé ní ìlú wọn ní ọdún 2007 àti 2008.

Èmi kò bá owó jà. Ọmọ Ìjẹ̀bú tí ó bá ń bá òwò jà, ilé baba rẹ̀ ni ó ń bá jà. Kí òyìnbó tó fi ìbọn wọ ìlú wa ní ọdún 1892, àwọn baba wa ni ó dúró lójú ọ̀nà òwò láàárín ọ̀sà àti òkè. Lẹ́yìn náà ni a rí Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, ẹni tí ó fi èrè òwò dá ilé iṣẹ́ rọ́bà àti táyà sílẹ̀, tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga Olú-Ìwà sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ìlú rẹ̀, tí ó sì jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn onílé-iṣẹ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1971. Ta ni yóò bú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé Odùtọ́lá kò gba àyè ẹnikẹ́ni kí ó tó di olówó.

Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Àyè ìkọ́ṣẹ́ dókítà kì í ṣe omi òjò tí olúkúlùkù lè gbé igbá sí. Ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń ṣàkóso iṣẹ́ ìṣègùn ni ó ń pín iye akẹ́kọ̀ọ́ tí kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan gbọdọ̀ gbà. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ kan bá wọlé, ọmọ mìíràn dúró síta. Bí ẹni tí ó wọlé bá wá pa iṣẹ́ náà tì nítorí owó nìkan, kì í ṣe àyè tirẹ̀ nìkan ni ó fi ṣòfò. Ó fi ti ẹni tí ó dúró síta ṣòfò pẹ̀lú.

Òmíràn lè wí pé, ‘Èmi yóò dá owó ìjọba padà.’ Ó dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó nìkan ni a fi kọ́ ọ. Lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ó wà ní Ṣágámù, tàbí ti Ìbàdàn tí a ṣí ní ọdún 1957, kí o wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ìyá arúgbó tí inú ń run ni ó na ara sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ níkùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tálákà ni ó na apá kí ọwọ́ tí kò tí ì mọ abẹ́rẹ́ í dì mú tó wá iṣan rẹ̀ rí. Ara àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni ìwé tí dókítà kà. Báǹkì wo ni a óò san gbèsè yìí sí? Aláìsàn mìíràn nìkan ni a lè san án fún.

Wọn a tún wí pé owó oṣù dókítà kò tó nǹkan. Òótọ́ ni, ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń daṣẹ́ sílẹ̀ léraléra. Kí wọ́n jà fún ẹ̀tọ́ wọn! Ẹni tí ó ń jà fún owó iṣẹ́ rẹ̀ ń bọlá fún iṣẹ́ náà. Kò sì sí ẹni tí ó ní kí dókítà má fi díẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ ra ìpín. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ fi gbogbo ayé rẹ̀ lé ọjà yìí rántí ọdún 2008. Ní oṣù Kẹta ọdún náà, òṣùwọ̀n iye ọjà ìpín ní Èkó kọjá 66,000; kí ọdún tó yí po, kò tó ìdajì èyí mọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sunkún, a kò sì kọ orúkọ wọn sínú ìtàn bí a ti kọ ti Burry.

N kò wí pé gbogbo ẹni tí ó kúrò ní ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn ni ó jẹ̀bi. Dókítà Ọlá Brown, tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pàdánù àbúrò rẹ̀ obìnrin tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, nítorí pé kò sí ọkọ̀ òfurufú tí yóò tètè gbé e dé ibi ìtọ́jú. Ó wá sí Èkó, ó dá ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú aláìsàn sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó di ẹni tí ń dókòwò nínú ètò ìlera. Ó yí irinṣẹ́ padà, kò yí aláìsàn sílẹ̀. Ìyàtọ̀ tí mo ń wí nìyí.

Ẹ sì rántí oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí arìnrìn-àjò kan gbé àrùn Ẹ̀bólà wọ Èkó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ láti jẹ́ kí ó jáde, bí a tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, a kéde pé Ẹ̀bólà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ká ní ìdí kọ̀ǹpútà ni ó jókòó sí ní ọjọ́ náà ńkọ́, tí ó ń ṣọ́ iye ìpín?

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́jà sí ilé ìwòsàn, nítorí kí a lè máa pè yín ní bàbá dókítà tàbí ìyá dókítà. Ẹ̀yin náà ni ẹ óò jẹ nínú ẹ̀bi rẹ̀ lọ́la. Àti ìwọ ọ̀dọ́ tí o ń ka ìwé yìí, bi ara rẹ léèrè kí o tó kọ orúkọ iṣẹ́ náà sínú fọ́ọ̀mù. Bí owó ni o fẹ́, sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Kọ́ ìṣirò owó, kọ́ òwò, ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yóò súre fún ọ. Ṣùgbọ́n fi àyè dókítà sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ ẹ. Àwọn àgbà ní ìlera ni oògùn ọrọ̀: bí kò bá sí ẹni tí yóò tọ́jú ara wa mọ́, ta ni yóò ná owó tí a kó jọ?