Ẹ Fi Owó Àdúgbò Tún Ilé Àwọn Àgbà Wa Ṣe

“Ẹni tí ilé ẹ̀ bá ti ń wó lé e lórí, kó tà á, kó gba ìlú ẹ̀ lọ.” Ọ̀rọ̀ tí onílé kan là mọ́lẹ̀ nìyẹn ní ìpàdé àdúgbò wa ní Apakun, ní Òṣòdì, l'Ékòó, nígbà tí a ní kí á yọ nínú owó ẹgbẹ́ àdúgbò, kí á fi tún àtẹ̀gùn, wáyà iná àti pákó orí gọ́tà ṣe fún àwọn àgbà tí kò rí já jẹ. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un. Ojú tì mí.

Owó àdúgbò ni ká fi tún ilé wọn ṣe. Mi ò ní bẹ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ìlú wo gan-an ló ní kí wọ́n gbà lọ? Ìyá tó ti ń gbé Apakun kí ọkùnrin yìí tó mọ ọ̀nà Òṣòdì, tó bímọ síbẹ̀, tó sì di opó síbẹ̀, ìlú mìíràn wo ló kù fún un? Ó ní kí àwọn ọmọ wọn tún ilé ṣe. Ọmọ wo? Èyí tó ń fi kẹ̀kẹ́ Márúwá ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíì, tí owó ilé tiẹ̀ gan-an ń há a lọ́fun? Ó tún ní tí a bá ṣe é fún ẹnì kan, gbogbo èèyàn á sọ ara wọn di arúgbó. Ṣé èèyàn máa ń fi ọgọ́rin ọdún purọ́ ni? Ọ̀rọ̀ rírùn ni.

Ọkùnrin yìí kan náà ló wà nídìí owó nígbà tí a dá owó géètì. Àwọn àgbà yìí dá tiwọn, àwọn mìíràn yá a. Títí dòní, a kò rí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an. Òun ló wá ń sọ pé owó kò sí!

Àwọn kan nínú àgbà wa fi agbára wọn ṣiṣẹ́ ní àwọn iléeṣẹ́ aṣọ Ìsọlọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ náà kógbá sílé, Aswani tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn wá di orúkọ ọjà. Ilé tí wọ́n ń gbé yìí nìkan ni èrè tó kù lọ́wọ́ wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìṣubú ń pa nǹkan bí 684,000 èèyàn lọ́dọọdún, àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àgbà tó bá fi ìbàdí lulẹ̀ ní balùwẹ̀ tó ń yọ̀, ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì là ń gbé e lọ, owó ibẹ̀ sì ju ti irin ìdìmú àti sìmẹ́ńtì lọ fíìfíì.

Wọ́n ní iṣẹ́ ìjọba ni. Ó dáa, àwọn ìjọba kan ti ń ṣe irú ẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san 5,000 náírà lóṣù fún àwọn arúgbó aláìní ní 2011. Ní England, ìjọba ìbílẹ̀ lè ná tó £30,000 láti tún ilé aláàbọ̀ ara ṣe, arúgbó wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Nàìjíríà ní kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa bọ́ sí wọn lọ́wọ́ tààrà. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n wáyà tó ti bó kì í dúró de ìjọba.

Mo tún ń dá àbá náà ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá lòdì sí i, kí akọ̀wé kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé ìpàdé.