Ìgbà tí ilé ò tíì dìde ló yẹ ká sọ̀rọ̀

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ló máa ń sọ pé kò sí ohun tí àwọn fẹ́ bá onílé sọ lórí ṣọ́ọ̀bù tí wọn ò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ wo ilé iṣẹ́ rédíò WPRB ní Yunifásítì Princeton, nílẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ọdún 1940 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá a sílẹ̀. Ní 1955, wọ́n gba ìwé àṣẹ FM tó fàyè gbà wọ́n láti polówó ọjà, torí náà, owó tí wọ́n ń ná, àwọn fúnra wọn ló ń wá a. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, abẹ́ ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jẹ́ Holder Hall ni wọ́n wà. Ní 2004, wọ́n kó lọ sí Bloomberg Hall, ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ nígbà náà.

Sítúdíò kì í ṣe yàrá lásán. Ògiri rẹ̀ gbọ́dọ̀ nípọn kí ariwo má baà wọlé, páìpù omi kò gbọdọ̀ máa hó lórí rẹ̀, wáyà sì gbọ́dọ̀ rọ́nà gbà. Bí wọ́n bá ti rẹ́ ilé tán kéèyàn tó sọ ọ́, fífọ́ ògiri ló kù. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun.

Bákan náà ni tiwa rí. Ẹni tó ń ta ẹja inú firísà nílò wáyà iná tó lágbára àti gọ́tà. Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá nílò ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀. Ẹ sọ ọ́ nígbà tí ilé ṣì wà nínú pílánù.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ ni mo wí, n kò ní kẹ́ ẹ kó gbogbo owó yín sílẹ̀. Ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀ bí ilé ṣe ń ga sí i. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà kọ ìwọ̀n ṣọ́ọ̀bù, ọjọ́ tí wọn yóò kó kọ́kọ́rọ́ fún yín, àti ohun tí onílé yóò ṣe bó bá pẹ́, sínú ìwé àdéhùn.

Ẹ má sì tètè fi ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ sílẹ̀. Kò sí olùpolówó tó ń sanwó fún rédíò tó dákẹ́, kò sì sí oníbàárà tó ń dúró de ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n tì pa.