Èédú Enúgu lè di epo, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀rọ̀ epo kì í tán lẹ́nu àwọn èèyàn ní Sangisa, ní agbègbè Kẹ́tu, l'Ékòó. Ẹni tó ń kó tòmátì láti Máìlì 12 ń sọ ọ́, awakọ̀ dáńfó ń sọ ọ́, ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ lọ ata náà ń sọ ọ́. Nínú irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀ lèèyàn ti ń gbọ́ ọ pé, ṣebí èédú wà ní Enúgu, kí ló dé tí a kò sọ ọ́ di epo?

Ìbéèrè gidi ni. Ọdún 1909 ni wọ́n rí èédú náà, ọdún 1915 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Àwọn ará Jámánì sọ èédú tiwọn di epo nígbà ogun Hitler, iléeṣẹ́ Sasol ní South Africa sì ti ń ṣe é láti 1955.

Ṣùgbọ́n èédú kì í dá wà. Amọ̀, iyanrìn, irin àti imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ó sì tún fẹ́ ohun tí yóò mú iṣẹ́ yá, bí káún ṣe ń mú ẹ̀wà tètè rọ̀, àmọ́ èyí kì í bá oúnjẹ lọ, ó ń dúró ṣe òmíràn ni.

Ọ̀nà tí Friedrich Bergius, ará Jámánì, gbé jáde ní 1913 ni pé kí wọ́n lọ èédú kúnná, kí wọ́n pò ó mọ́ òróró, kí wọ́n sì fi gáàsì háídírójìn tẹ̀ ẹ́ nínú ooru líle. Òkúta irin àti imí-ọjọ́ tó bá èédú wá látinú ilẹ̀ ń ran iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ẹrù lásán ni iyanrìn ní tiẹ̀, yóò silẹ̀ sísàlẹ̀ ìkòkò, yóò sì máa dí páìpù.

Ọ̀nà kejì, ti Franz Fischer àti Hans Tropsch, ni Sasol ń lò. Wọn a kọ́kọ́ sọ èédú di gáàsì, wọn a wá da gáàsì náà kọjá lórí irin tàbí kóbáàtì. Imí-ọjọ́ tó jẹ́ olùrànlọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di májèlé níbí. Díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ń pa agbára kóbáàtì, àfi kí wọ́n fọ gáàsì náà mọ́ tónítóní, owó ńlá sì ni ìfọ̀ yẹn.

Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ní "Nàìjíríà ní èédú" kò tíì sọ nǹkan kan. Imí-ọjọ́ inú èédú Enúgu kéré, ti Ọbí lẹ́bàá Láfíà, ní ìpínlẹ̀ Násáráwá, pọ̀ jù ú lọ, eérú rẹ̀ náà sì pọ̀. Ohun tó bá ọ̀kan mu lè ba tèkejì jẹ́.

Ìmọ̀ iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wa mọ́. Láti 2014 ni iléeṣẹ́ Chevron àti NNPC ti ń fi ìlànà Fischer àti Tropsch sọ gáàsì ilẹ̀ di dísù ní Escravos, ní ìpínlẹ̀ Delta, ibi tí wọ́n kọ́ láti máa pèsè ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àgbá lójúmọ́. Gáàsì ilẹ̀ rọrùn láti fọ̀ ju ti èédú lọ, èéfín rẹ̀ kò sì tó ti èédú. Lójú tèmi, gáàsì tí wọ́n ṣì ń dáná sun lásán ní Niger Delta ló yẹ kó ṣáájú, kí àwọn onímọ̀ sì máa yẹ èédú ibi kọ̀ọ̀kan wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìjọba tó ná kọ́bọ̀ lé e lórí.