Ebè 200 Nínú Oko Kan, Oko Kan Náà Ni: Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Tàn Yín Mọ́



Ọ̀rọ̀ òní gbóná díẹ̀, torí owó wa ló wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Àwa tí à ń dáko ní Agbabu níbí, ojú wa ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Oníṣòwò igi ẹ̀gẹ́ á dé, á kó wa lọ wo oko kan lẹ́bàá títì, níbi tí ilẹ̀ ti dára, tí wọ́n ti da ajílẹ̀ sí i dáadáa. Ẹ̀gẹ́ tuntun tó wà níbẹ̀ tóbi bí itan. Á ní, "Ebè 200 la kọ, gbogbo ẹ̀ ló ta. Ṣé èyí ò tó ẹ̀rí ni?" Àwa náà á lọ kó owó àjọ, a ó ra igi. Nígbà tí ìkórè bá dé, ẹni méjì á rẹ́rìn-ín, ẹni mẹ́rin á máa ka gbèsè. Tí a bá padà lọ bá a, á ní àwa la ò mọ oko ro.

Irọ́ ni! Ẹ̀rí tó mú wá ló kéré.

Ebè 200 nínú oko kan, oko kan náà ni. Bí ẹ bá fi ṣíbí 200 tọ́ ọbẹ̀ inú ìkòkò kan wò, ọbẹ̀ kan ṣoṣo lẹ tọ́ wò yẹn. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

OHUN TÍ A YÀN ÀTI OHUN TÓ BÁ WA PÀDÉ

Nínú ìdánwò oko, oríṣi nǹkan méjì ló wà. Èkíní ni ohun tí a fọwọ́ ara wa yàn: ẹ̀gẹ́ àtijọ́ àbí ẹ̀gẹ́ tuntun, ká da ajílẹ̀ àbí ká má dà á. Àwọn yẹn gan-an la fẹ́ mọ̀ nípa wọn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè é ní fixed.

Èkejì ni ohun tó kàn bá wa pàdé: oko ta ló bọ́ sí, òjò ọdún wo ló rọ̀ sí i. Kì í ṣe oko Lágbájá gan-an là ń wá. A kàn mú un láti dúró fún gbogbo oko yòókù ni. Èyí ni wọ́n ń pè ní random. Ìṣirò tó bá da méjèèjì pọ̀ ni mixed model, ìyẹn ìṣirò àdàlù.

Iṣẹ́ ìṣirò náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń pín ogún. Ìkórè yàtọ̀ síra. Ta ló ni ìyàtọ̀ náà? Èyí tó jẹ́ ti irú ẹ̀gẹ́, ẹ fún un. Èyí tó jẹ́ ti oko, ẹ fún oko. Ó wá ku èyí tí oníṣòwò kì í sọ: ẹ̀gẹ́ kan náà lè ṣe dáadáa lóko kan kó sì kùnà lóko kejì. Ìyẹn gan-an ni òṣùwọ̀n tó yẹ ká fi wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìyàtọ̀ láàárín ebè àti ebè nínú oko kan.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní a gbin méjèèjì sí oko mẹ́fà, éékà kan fún tuntun, éékà kan fún àtijọ́, a wá ka iye ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù tí a kó:

Oko 1: tuntun 10, àtijọ́ 6
Oko 2: tuntun 7, àtijọ́ 6
Oko 3: tuntun 5, àtijọ́ 7
Oko 4: tuntun 8, àtijọ́ 5
Oko 5: tuntun 6, àtijọ́ 6
Oko 6: tuntun 4, àtijọ́ 7

Oko 1 ni oníṣòwò á kó yín lọ! Níbẹ̀, tuntun fi ọkọ̀ 4 ju àtijọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: tuntun 40, àtijọ́ 37. Tí ẹ bá pín in sí oko mẹ́fà, ìdajì ọkọ̀ péré ni tuntun fi jù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, lóko kan ó fi ọkọ̀ 4 borí, lóko mìíràn ó fi ọkọ̀ 3 pàdánù. Nígbà tó ń fò sókè sódò báyìí, ìdajì ọkọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí rárá. Kódà bí wọ́n bá kọ ebè 1,000 sí Oko 1, Oko 1 nìkan ni wọn á túbọ̀ mọ̀.

INÚ OKO NI ÌMỌ̀ YÌÍ TI WÁ

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé ni, pé kò kan àgbẹ̀. Lọ́dún 1919, Ronald Fisher bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Rothamsted, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ló ti ṣe ìlànà pípín ìyàtọ̀ yìí, ó sì gbé e jáde nínú ìwé rẹ̀ lọ́dún 1925. Lọ́dún 1947, Churchill Eisenhart, ará Amẹ́ríkà, wá là á yé àwọn èèyàn pé ohun tí a yàn àti ohun tó bá wa pàdé kì í ṣe ọ̀kan náà, pé ìṣirò wọn ò lè jọra.

Nílé níbí náà, IITA ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967. Kí irú ọ̀gbìn tó lè gba ìforúkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà, wọ́n gbọ́dọ̀ dán an wò níbi púpọ̀, fún ju ọdún kan lọ, títí kan oko àwa àgbẹ̀ fúnra wa. Bí àwọn ọ̀mọ̀wé ò bá gba ẹ̀rí oko kan, kí ló dé tí àwa á gbà á?

Ẹ tún wo ilẹ̀ wa. Odò Olúwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, àbàtà wà, ilẹ̀ gíga wà lọ́nà Ọ̀rẹ̀, ibòmíì tún wà tí ọ̀dà ń sun jáde láti inú ilẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó ta lórí ilẹ̀ gíga lè jẹrà sínú omi. Ẹ̀gẹ́ ṣì sàn, torí ọdún kan ni àṣìṣe rẹ̀. Tó bá jẹ́ kòkó tàbí ọ̀pẹ lẹ fi ẹ̀rí oko kan rà ńkọ́? Ogún ọdún ó lé lẹ máa fi wo àṣìṣe náà.

Ẹnìkan á ní, "Oko tèmi nìkan ni mo fẹ́ mọ̀." Ó dáa bẹ́ẹ̀. Nígbà náà, oko rẹ ti di ohun tí o yàn. Dán an wò níbẹ̀, ó tó fún ọ. Ṣùgbọ́n má gbé e lọ Òkìtìpupa kó o lọ máa tà á pé ibi gbogbo ló ti ń ta.

KÍ NI KÁ ṢE?

Ẹ kó ara yín jọ, ó kéré tán oko mẹ́fà. Ẹ kọ orúkọ sínú ìwé, ẹ dà á sínú fìlà, kí ọmọdé mú un. Ẹ má ṣe yan oko tó dára jù. Ẹ gbin àtijọ́ àti tuntun sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ọjọ́ kan náà, kí ẹ ro wọ́n bákan náà. Ẹ ju kọ́ìnì láti mọ ẹ̀gbẹ́ tí èwo máa wà. Ẹ wọn ìkórè, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún oko kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún un ṣe lọ́dún kejì. Igi díẹ̀díẹ̀ ló máa ná yín, kò tó gbèsè éékà kan tó kùnà.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ọ̀rọ̀ yín náà rèé. Irú gààrí tí ẹ gbé lọ, ẹ̀yin lẹ yàn án. Ọjọ́ ọjà ló bá yín pàdé. Ọjọ́ kan tí ọjà Ọ̀rẹ̀ dùn kò tó kéèyàn yáwó lé lórí.

Nígbà tí wọ́n bá tún dé, ẹ bi wọ́n: Oko mélòó? Ọdún mélòó? Ta ló yan àwọn oko náà? Èwo ló kùnà níbẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ẹ kí i pé ó kú ọ̀nà, kó máa kó igi rẹ̀ lọ.