Àwo Ìtẹ̀wé Ẹ̀yìnkùlé Ìyá

Àṣìṣe ara mi ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa ní Abẹ́òkúta tí ó ń fi ẹ̀rọ tí ń ké bí irin bá wà nínú ilẹ̀ wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Ohun tí ó bá gbẹ́ jáde, òun àti onílé ni yóò pín owó rẹ̀. Ní Sátidé kan, ó ṣiṣẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ìyá àgbà kan tí ó jẹ́ opó, kò jìnnà sí Aké. Ìṣó àti ọmọrí ìkòkò ni ó kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni ó fa àwo pẹlẹbẹ kan yọ, eérú ni àwọ̀ rẹ̀, kò tó ojú ewé ìwé ọmọ ilé-ìwé. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí wọ́n gbà pé kò sí ohun tí tíṣà kò mọ̀. Kí n má purọ́, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Mo fi omi ṣan án. Ilẹ̀ ti jẹ ojú rẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ mo rí 1, mo rí 8, ihò kan tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà 1 mìíràn. Àyà mi sọ kì! Ọmọ Abẹ́òkúta wo ni kò gbọ́ ìtàn Henry Townsend, àlùfáà ìjọ C.M.S., tí ó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kalẹ̀ ní ìlú yìí ní 1854, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá, 1859? Ní 1867 ni àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde, tí wọ́n sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́. Mo kígbe pé, “Ìyá, ohun Townsend nìyí! 1861 ni wọ́n kọ sí i!”

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹnìkan tí ń ra ohun àtijọ́ fi dé láti Èkó. Owó tí ó dárúkọ tó láti tún páànù ilé Ìyá ṣe, òrùlé tí ó ti ń jò láti ọdún mélòó kan. Ó ní òun yóò padà wá ní ọjọ́ Ẹtì. Ìyá ti ránṣẹ́ sí kápẹ́ńtà.

Èmi kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé àwo náà lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tí ó ti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé sílẹ̀ tipẹ́. Bàbá wò ó, ó wò mí, ó ní kí ọmọ òun mú dígí wá.

“Tíṣà, ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀yìn ni irú àwo yìí máa ń kọ sí?”

Mo wo inú dígí. 1, ihò, 8, 1. Ọdún 1981 ni! Bí a bá yí 1 àti 8 padà, bákan náà ni wọ́n rí. 9 tí ìbá tú àṣírí ni ilẹ̀ jẹ.

Bàbá kò tíì dákẹ́. Ó ní síǹkì ni, kì í ṣe òjé; òjé ìbá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, èékánná ìbá sì fá a. Ó fi ihò ìṣó hàn mí létí àwo náà: wọ́n ti kàn án mọ́ pákó kí ó lè ga bákan náà pẹ̀lú lẹ́tà, ikán ni ó jẹ pákó náà. Lẹ́yìn èyí ó fún mi ní awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Tótòtó kéékèèké ni mo rí, àìmọye! Fọ́tò ni wọ́n fi áàsìdì gbẹ́ sára síǹkì lọ́nà báyìí. Ní oṣù Kẹta 1880 ni ìwé ìròyìn Daily Graphic ti New York ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jáde. Townsend ti kúrò ní Abẹ́òkúta tipẹ́. (Ẹ̀yin tí ẹ bá rí àwo alumíníọ́mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ má retí kí lẹ́tà tirẹ̀ yí padà, nítorí ara rọ́bà ni ó kọ́kọ́ ń tẹ̀ sí kí ó tó kan ìwé.)

Bàbá fi yíǹkì díẹ̀ pa á lójú, ó tẹ́ bébà lé e, ó sì fi ẹ̀yìn ṣíbí rà á.

Mo mú bébà náà lọ sílé Ìyá, ojú ń tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú, mo ti ṣì yín lọ́nà. Kì í ṣe ti Townsend.” Kò dá mi lóhùn. Bébà ni ó ń wò. Ọkùnrin mẹ́fà ni ó jókòó nínú rẹ̀, mẹ́ta ti bàjẹ́. Ó fi ìka kan ẹni tí fìlà rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

“Bàbá Àdùkẹ́ nìyí.”

Àlímánáàkì ẹgbẹ́ wọn ni. Ọkọ rẹ̀ ni akápò, nítorí náà ni wọ́n fi gbé àwo náà pa mọ́ sílé rẹ̀. Gbogbo fọ́tò tí Ìyá ní ti ọkọ rẹ̀ ni òjò ti bà jẹ́ lábẹ́ òrùlé tí ń jò yẹn.

Ọkùnrin Èkó náà dé ní ọjọ́ Ẹtì. Mo sọ òtítọ́ fún un, ó ṣì ní òun lè san díẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá kò tà á. Ọmọkùnrin ẹlẹ́rọ béèrè ìpín tirẹ̀, ó sì jàre. Èmi ni mo san án fún un, nítorí ẹnu mi ni 1861 ti jáde. Òrùlé ṣì ń jò. Bébà náà wà nínú férémù lára ògiri tí òjò kì í dé.