Ojú Irin Kan, Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì

Red Line, ọkọ̀ ojú irin tí Ìpínlẹ̀ Èkó fi ń kó èrò láàárín Àgbàdo àti Oyíngbò, kò ní ojú irin tirẹ̀. Orí èyí tí ìjọba àpapọ̀ tẹ́ láti Èkó lọ sí Ìbàdàn ló ń gbà. Ibẹ̀ ló ti yàtọ̀ sí Blue Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Máìlì 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023. Blue Line ní ọ̀nà tó dá ní, iná mànàmáná ló sì ń lò. Epo dísẹ̀lì ni Red Line ń jó. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, ṣùgbọ́n oṣù kẹwàá ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́. Ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ ló sì ní: Àgbàdo, Ìjú, Agége, Ìkẹjà, Òṣòdì, Mushin, Yábàá àti Oyíngbò. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ra àwọn ọkọ̀ tí ìpínlẹ̀ náà kọ́kọ́ kó wá. Ilé iṣẹ́ Talgo ló ṣe wọ́n fún ìpínlẹ̀ Wisconsin, ìpínlẹ̀ yẹn pa ètò náà tì, Èkó sì rà wọ́n lọ́dún 2022.

Ó ti pẹ́ tí Èkó ti ń wá bí ọkọ̀ ìgboro yóò ṣe máa pàdé ọkọ̀ ọ̀nà jíjìn. Ọdún 1901 ni rélùwéè àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé Ìbàdàn láti Ìdó, ọ̀sà sì wà láàárín Ìdó àti erékùṣù Èkó. Lọ́dún 1902, ọkọ̀ irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí afárá Carter, ó ń kó èrò láti Ìdó wọ erékùṣù náà. Wọ́n padà ká a nílẹ̀. Nígbà tó yá, Gómìnà Lateef Jákàńdè dáwọ́ lé Metroline, ètò ọkọ̀ ojú irin ìgboro, ìjọba ológun Muhammadu Buhari sì fagi lé e lọ́dún 1985. Owó ńlá ló bá a lọ, nǹkan bí ogójì ọdún ló sì kọjá kí ará Èkó tó rí ohun tó jọ ọ́.

Ojú irin tí Red Line ń bá ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ pín lónìí ni èyí tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù kẹfà ọdún 2021. Kìlómítà 157 ni láti Èkó dé Ìbàdàn, ó sì fẹ̀ ju ojú irin àtijọ́ lọ. Àjùmọ̀lò yìí lérè, torí kò sí pé à ń tẹ́ irin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ti wà. Ó sì níṣòro, torí ọkọ̀ ìgboro kò lè lọ nígbà tó bá wù ú. Ó gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ti Ìbàdàn ń bọ̀. Ìdí kan nìyẹn tí kò fi rọrùn fún Red Line láti máa sáré léraléra bíi Blue Line. Ìpínlẹ̀ tún ní láti kọ́ afárá sí ibi tí títì ti ń gé ojú irin kọjá, bíi Yábàá àti Ìkẹjà, kí ọkọ̀ àti rélùwéè má bàa kọlu ara wọn. Òfin pàápàá ti yí padà: lọ́dún 2023 ni wọ́n tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, tí ọ̀rọ̀ rélùwéè kò fi jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nìkan mọ́.

Irin ti wà, òfin ti gbà, èrò ló kù tí kò tíì rọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó bá di àdìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, tó fẹ́ gbé e lọ sí ọjà Balógun, yóò kọ́kọ́ wá ọkọ̀ lọ sí Ládèrin, níbi tí ibùdókọ̀ Wọlé Ṣóyínká wà lẹ́yìn ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì àjọ rélùwéè ìjọba àpapọ̀ ni yóò rà. Bí ó bá dé Agége, Red Line ń dúró níbẹ̀, ó sì lè gbé e dé Òṣòdì, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ kò wúlò nínú rẹ̀. Káàdì Cowry, tí èrò fi ń sanwó ọkọ̀ l'Ékòó, ni wọ́n ń gbà níbẹ̀. Bí ó bá jókòó dé ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson l'Álágoméjì, ẹrù á tún di ti dánfó, torí Oyíngbò ni Red Line pin sí, Blue Line kò sì dé Oyíngbò. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lókè. Rélùwéè àtijọ́ wọ Dùgbẹ̀, àárín Ìbàdàn gan-an. Tuntun dúró sí Mọ́níyà.

Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ bó ṣe lè rọrùn tó. Láti ọdún 2010, káàdì Oyster kan náà tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń lò nínú rélùwéè tó ń gba ìgboro Lọ́ńdọ̀nù kọjá. Ilé iṣẹ́ tó ni ọkọ̀ kò kan èrò.

Nínú ètò Èkó, Red Line yóò gun dé Marina kó lè bá Blue Line pàdé. Iṣẹ́ yìí ló yẹ kó ṣáájú ìfẹ̀sí yòówù mìíràn, torí láìsí i, ọ̀nà méjèèjì kàn jẹ́ àjèjì síra wọn ni. Ṣùgbọ́n káàdì kan fún Red Line àti ọkọ̀ Ìbàdàn kò gba sìmẹ́ńtì, bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí a tò kí ọkọ̀ Ìbàdàn àti ti ìgboro lè pàdé l'Ágége kò gba irin. Kí LAMATA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò Ìpínlẹ̀ Èkó, àti àjọ rélùwéè ìjọba àpapọ̀ jókòó lórí méjèèjì yìí, kí wọ́n má dúró de ìgbà tí irin yóò dé Marina.